Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó dúró: ìbéèrè yín lórí pẹ́dà tó ń di bàtà mú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, márùn-ún ló jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ pẹ́dà clipless, èyí tí wọ́n máa ń de irin tàbí ike kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kílíìtì mọ́ abẹ́ bàtà fún, táá wá há mọ́ pẹ́dà gbàgà, ẹsẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi téèyàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Mo kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ síbí torí ó jọ pé ẹ̀rù ẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ nínú yín, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tìtorí ẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo ń gbé, apá Peckham, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kò sí wàhálà kankan. Ọkọ mi wá ra pẹ́dà clipless àti bàtà ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ìbí mi. Ọjọ́ kejì tí mo lò ó, mo dé ibi iná ojú títì ní Old Kent Road, iná ti pọ́n, mo di bíréèkì mú, kẹ̀kẹ́ dúró, mo ní kí n gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé e, ẹsẹ̀ ò wá. Mo fà á títí, kò wá. Bí igi tí wọ́n gé ni mo ṣe wó sápá ọ̀tún, apá ibi tí mọ́tò wà, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn mi, Ọlọ́run ló yọ mí. Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, èmi ò lè wo ibì kankan, ojú ń tì mí. Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi tẹlẹ̀ ṣì ń dùn mí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ báyìí. Ṣé kí n yọ pẹ́dà yìí dànù ni?

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ọwọ́ yẹn ná, pẹ́dà lè dúró. Ẹ na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún yẹn sókè dáadáa, ẹ máa rí kòtò kékeré kan tó yọ nídìí ẹ̀, níbi ọrùn ọwọ́, láàárín iṣan méjì. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì tẹ inú kòtò yẹn. Tó bá dùn yín níbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lónìí, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ lẹ fi tẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣubú. Egungun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ò pọ̀, tó bá sán kì í tètè jinná, fọ́tò X-ray àkọ́kọ́ sì lè má fi hàn rárá, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá tiẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan tó sì ń dùn yín lọ títí di bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ bá wọn kí wọ́n tún un yà. Kódà tí kòtò yẹn ò bá dùn yín rárá, ọwọ́ tó ti ń dunni fọ́jọ́ mẹ́jọ yẹ kí dókítà rí i.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn o, mo fẹ́ kéyìí yé yín. Ọdún mẹ́ta ni ara yín ti fi mọ̀ pé téèyàn bá fẹ́ dúró, ṣe ló máa gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò lórí pẹ́dà táá fi tẹlẹ̀. Ara ò gbàgbé. Iná pọ́n, ẹ̀rù bà yín díẹ̀, ara ṣe nǹkan tó ti mọ̀ ọ́ ṣe, pẹ́dà tuntun yẹn ò sì gba irú ẹ̀. Kílíìtì abẹ́ bàtà yín ní imú níwájú, ó ní ìdí lẹ́yìn. Imú yẹn ló ń kọ́kọ́ wọ abẹ́ irin iwájú pẹ́dà, tẹ́ ẹ bá wá tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀, irin ẹ̀yìn tí sípíríǹgì ń fà máa ṣí, á tún pa dé, ẹ máa gbọ́ ọ, pá! Sípíríǹgì yẹn, wọ́n dìídì ṣe é kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ bọ́ nígbà téèyàn bá ń fa pẹ́dà sókè pẹ̀lú agbára ni, nítorí náà bẹ́ ẹ bá fà á láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní dá yín lóhùn. Ohun tó ń ṣí i ni kẹ́ ẹ yí gìgísẹ̀ síta, kó kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró síbi tó wà, bí ìgbà téèyàn fi bàtà lọ aáyán mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ síta. Kò gba agbára rárá, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é.

Èkejì, àsìkò. Kẹ̀kẹ́ tó ti dúró pátápátá, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló kù kó wó, kò sẹ́ni tó lè ronú nínú ìyẹn. Nítorí náà ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń rìn. Bẹ́ ẹ bá ti rí iná ojú títì lókèèrè, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iná aláwọ̀ ewé ló ṣì ń tàn níbẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé e lé pẹ́dà láìjẹ́ kó há, ẹ máa fi wa kẹ̀kẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Tí iná ò bá pọ́n mọ́, kí lẹ pàdánù? Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ó parí. Èmi tí mo ti ń lo pẹ́dà yìí láti bí ọdún mọ́kànlá, mo ṣì ń yọ ẹsẹ̀ ní bí ogójì mítà sí ibi tí mo bá ti rí èrò. Ẹsẹ̀ kọ́kọ́, bíréèkì tẹ̀ lé e.

Báyìí lẹ ṣe máa kọ́ ọ, ẹ má kánjú o. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ilé, nínú kọ́rídọ̀ yín, ẹ jókòó lé e, ẹ fi ìgbúnwọ́ ti ògiri. Ẹ ti ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ ti bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ìgbà àádọ́ta, lẹ́yìn náà ẹ ṣe ti ọ̀tún. Ẹ máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu, gìgísẹ̀ síta, mi ò bìkítà bí àwọn ọmọ bá ń wò yín, ẹnu ló ń kọ́ ẹsẹ̀. Ibi tí pẹ́dà bá ti wà nísàlẹ̀ pátápátá ló rọrùn jù láti yọ, tó bá wà lókè, orúnkún á ká, gìgísẹ̀ ò ní rí ọ̀nà yí. Ẹ ṣe èyí fọ́jọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀, Burgess Park ò jìnnà sí yín, koríko pọ̀ níbẹ̀, ẹ lọ síbi tó tẹ́jú, ẹ fi gíà tó fúyẹ́ wà á, ẹ máa gbéra, ẹ máa dúró, ẹ máa gbéra, ẹ máa dúró, ogún ìgbà. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, orí koríko ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹsẹ̀ kan ló ti máa há, ẹ gbé pẹ́dà ẹ̀ sókè síwájú díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á ti yára kẹ́ ẹ tó máa wá ẹsẹ̀ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ilẹ̀. Tí kò bá tètè há, ẹ ṣáà máa wa kẹ̀kẹ́ lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ á rí ibẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ẹsẹ̀ wo lẹ máa yọ? Ní London apá òsì títì lẹ máa ń wà, pèpéle ẹlẹ́sẹ̀ sì wà lósì yín, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì ni, ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ sì rọra fi ara tẹ̀ sápá òsì bí kẹ̀kẹ́ bá ti fẹ́ dúró. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣubú yẹn apá ọ̀tún ni, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Èèyàn lè yọ ẹsẹ̀ kan kó tún ṣubú sápá kejì o, ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Bódìjà lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti yọ ti ọ̀tún, mo ti fọkàn balẹ̀, táyà iwájú gun òkúta kékeré kan, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí òsì, ẹsẹ̀ òsì ṣì há. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tẹ ara, ẹ má kàn yọ ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó gangan.

Ó ku ti sípíríǹgì. Ẹ wo ẹ̀yìn pẹ́dà, súkúrù kékeré kan wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ SPD, irú pẹ́dà clipless tí ilé iṣẹ́ Shimano ń ṣe, álẹ́nkì 3 mm, irin onígun mẹ́fà yẹn, ló ń yí i. Ẹ yí i lọ sápá ibi tí wọ́n ń gbà tú nǹkan, ó máa ń dún tẹ́, tẹ́, tẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ẹ má tú u yọ. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà SPD ló ní ojú méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, súkúrù wà ní ojú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ló jẹ́ lápapọ̀ fún pẹ́dà méjèèjì. Mo mọ ẹni tó rọ ojú kan, tó fi dánra wò, tó dùn mọ́ ọn, ọjọ́ tó bọ́ sí títì ojú kejì tó ṣì le gan-an ló tẹ̀, ó ṣubú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ rọ̀, kí iye tẹ́, tẹ́, tẹ́ yẹn sì dọ́gba.

Ẹ tún wo ara kílíìtì fúnra ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. SH51 ló sábà máa ń bá pẹ́dà wá nínú páálí, ìyẹn ò gbọ́ ìfàsókè. SH56 wà tẹ́ ẹ lè rà lọ́tọ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ìyẹn máa ń yọ tẹ́ ẹ bá yí ẹsẹ̀, ó sì máa ń yọ tẹ́ ẹ bá fi agbára fà á lójijì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, SH56 ni màá ní kẹ́ ẹ rà, tí mi ò bá tiẹ̀ ní sọ nǹkan mìíràn fún yín.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kẹ̀kẹ́ ń wó tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mú un mọ́, ẹ má na ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ ká ìgbúnwọ́ mọ́ra, kí itan àti èjìká gba ìṣubú yẹn pọ̀, ara tó ní ẹran ló yẹ kó kan ilẹ̀. Ẹ má yọ pẹ́dà yẹn dànù, ọkọ yín fi ìfẹ́ rà á. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yẹn jinná ná, ẹ fún un lóṣù kan lórí koríko.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àárọ̀ Sunday, a máa ń gba Lẹ́kkí lọ sápá Ẹ̀pẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta pẹ́dà tòkunbọ̀ oníhò mẹ́ta pẹ̀lú bàtà ẹ̀ fún mi, ẹlòmíì ní oníhò méjì ni kí n rà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, èwo ni kí n mú?

Àbúrò mi, oníhò méjì ni. Ihò tí wọ́n ń gbà de kílíìtì mọ́ abẹ́ bàtà ni wọ́n ń kà. Àwọn oníhò mẹ́ta, irú SPD-SL ti Shimano tàbí Keo ti ilé iṣẹ́ Look, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje ló wà fún jù, kílíìtì wọn jẹ́ ike ńlá tó yọ síta lábẹ́ bàtà, ó ń gba ẹsẹ̀ dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ní ìgbà tó o máa sọ̀kalẹ̀ ra omi níléepo, táìlì wà níbẹ̀, epo wà lórí táìlì, wàá máa rìn bí ẹni tó wà lórí yìnyín. Tó o bá sì ń fi rìn lórí kọnkéré, ike yẹn á jẹ tán, kílíìtì tó bá ti jẹ kì í di ẹsẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ti oníhò méjì jẹ́ irin kékeré, inú àtẹ́lẹ́ bàtà ló rì sí, o lè fi rìn, o lè fi sáré kúrò lójú títì tí wèrè danfó bá ya wá bá ẹ. Ojú méjèèjì pẹ́dà ẹ̀ ló sì ń gbà á, o ò ní máa fi ẹsẹ̀ wá òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo máa rà náà, fi ọwọ́ yí pẹ́dà, tó bá ń dún kùrùkùrù, gbé e fún un padà. Kílíìtì ní tiẹ̀, tuntun ni kó o rà, má lo ti ẹlòmíì.

Lọ́dọ̀ wa níbí apá ọ̀tún la ń gbà, etí títì wà lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó o máa yọ, yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún àǹtí wa ní London. Gbogbo ibi tí danfó ti lè dúró já èrò sílẹ̀ ni kó o kà sí iná ojú títì, yọ ẹsẹ̀ kó o tó débẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á wọnú kílíìtì nígbà tó o bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, gbá bàtà mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì kó o tó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Èyí tí mo fẹ́ kó o dì mú jù rèé, nọ́ọ̀tì kílíìtì. Nọ́ọ̀tì méjì ló dì í mọ́ bàtà. Tí ọ̀kan bá bọ́, o ò ní mọ̀, ẹsẹ̀ á há bó ṣe máa ń há. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ yọ ọ́, wàá yí gìgísẹ̀ síta, bàtà á yí, kílíìtì á dúró sójú kan nínú pẹ́dà torí nọ́ọ̀tì kan péré ló kù, ó ń pòyì lórí ẹ̀. O lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tí mo ti sọ sókè yìí á ṣubú síbẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi nígbà tá a ń bọ̀ láti Ìbàdàn, arákùnrin tó dáńgájíá lórí kẹ̀kẹ́, ó pariwo pé ẹsẹ̀ òun ò jáde, ẹ̀gbọ́n kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sáré lọ bá a, ó di síìtì ẹ̀ mú kẹ̀kẹ́ fi dúró, wọ́n wá tú okùn bàtà, ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bàtà, bàtà dúró sórí pẹ́dà. Rántí ìyẹn, tí pẹ́dà ò bá fi bàtà sílẹ̀, bàtà lè fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Fi gíríìsì díẹ̀ sí ẹnu nọ́ọ̀tì kó o tó dè é, dè é kó le dáadáa, bí 5 sí 6 Nm tí rẹ́pàárà yín bá ní sípánà tó ń ka agbára, kó o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo alẹ́ Saturday.

Ọ̀gá, ẹ kú àtìlẹ́yìn. Tíṣà ni mí n'Ílọrin, mo ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ṣubúṣubú ò yọ mí lẹ́nu, orúnkún ni. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo pẹ́dà yìí, ẹ̀gbẹ́ orúnkún òsì lápá ìta ń dùn mí tí mo bá ti wa kẹ̀kẹ́ tó wákàtí kan. Kílíìtì pupa ni wọ́n fún mi, wọ́n ní òun ló máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè yí díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ibi pupa yẹn lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ Look Keo, dúdú kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mì rárá, aláwọ̀ eérú fún un ní ìwọ̀n dígírì 4.5, pupa fún un ní 9. Lọ́dọ̀ SPD-SL ti Shimano, pupa ni kì í jẹ́ kó mì rárá, búlúù jẹ́ 2, ìyeyè ló jẹ́ 6. Àwọ̀ kan náà, ìtumọ̀ ẹ̀ yí padà. Ẹ wo orúkọ tó wà lára pẹ́dà yín, tó bá jẹ́ SPD-SL, a jẹ́ pé ṣe ni wọ́n so ẹsẹ̀ yín rígidi sójú kan, orúnkún ló sì ń jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ ra ìyeyè.

Ẹ wá jókòó sétí tábìlì tó ga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀, ẹ wo bí ìka ẹsẹ̀ ṣe dojú kọ. Tiyín lè yà síta díẹ̀, ti ẹlòmíì lè wọlé, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe de kílíìtì. Ẹ má de é síwájú jù, kó wà lábẹ́ ibi tó wú lẹ́yìn àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tàbí kó fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Mìlímítà méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa sún un, kẹ́ ẹ wà á lọ́jọ́ méjì kẹ́ ẹ tó tún sún un. Tí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní clipless nígbà tó jẹ́ pé ṣe ló ń di ẹsẹ̀ mú? Ọmọ SS2 ni mí.

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọmọ mi. Kó tó dé, ohun tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ń lò ni irin tó ká bo imú bàtà bí àgò, wọ́n á tún fi awọ dì í, irin yẹn ló ń jẹ́ clip. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tú awọ. Ilé iṣẹ́ Cinelli ní Ítálì gbìyànjú pẹ́dà kan tó ń jẹ́ M71, kò ní irin yẹn, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ ṣí i kí ẹsẹ̀ tó lè jáde, o mọ̀ pé ìyẹn léwu. Look ní ilẹ̀ Faransé, tó ti ń ṣe ohun tó ń di bàtà mọ́ pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ló gbé ọgbọ́n yẹn wá sórí kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1984, Bernard Hinault, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Faransé, sì lò ó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ wọn, lọ́dún 1985. Shimano gbé SPD jáde lọ́dún 1990. Clip yẹn ti kúrò lára pẹ́dà, wọ́n bá ń pè é ní clipless, orúkọ ọ̀hún ò kúrò mọ́.

Ìyàwó mi ní òun ò lè lo nǹkan tó máa de òun mọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe dandan rárá, ẹ má fipá mú wọn. Fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà tàbí lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà tó tẹ́jú tó ní eyín díẹ̀ ti tó. Tí wọ́n bá wá fẹ́ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, irú kan wà tó jẹ́ pé ojú kan tẹ́jú, ojú kejì ló ní sípíríǹgì. Kí wọ́n fi bàtà ojoojúmọ́ wa ojú tó tẹ́jú, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà níbi tí kò sí mọ́tò kí wọ́n yí i padà, kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n, kẹ́ ẹ di síìtì mú fún wọn ní ìgbà bíi márùn-ún àkọ́kọ́.